Bí A Ṣe Fi Ọkọ̀ Àwẹ̀ró Gbé Ọmọ Iwin Lọ Sílé

Ẹ sún mọ́ra, ẹ̀yin ènìyàn mi. Òjò tí ó lé yín wọ ṣọ́ọ̀bù ìyàwó mi yìí kò ní í dá kíá, ẹ má wulẹ̀ na ọrùn wo ojú sánmà mọ́. Ẹni tí ó bá rí táyà kí ó jókòó lé táyà, ẹni tí ó bá rí bẹ́ǹṣì kí ó fìdí lé bẹ́ǹṣì, kí ẹ sì fi etí sílẹ̀ fún mi. Etí ni ilẹ̀kùn tí ìtàn ń gbà wọlé. Bí ẹ bá tì í, ìta ni n óò ti máa pariwo bí ewúrẹ́ tí òjò pa.

Èmi ni Ọdẹ́jọbí ọmọ Ọdẹ́kànmí, ọdẹ tí ẹkùn ń kí kí ó tó kọjá. Mo ti sùn nínú ihò tí erè ń yé ẹyin sí, mo sì jí pẹ̀lú ẹyin náà lábẹ́ orí mi bí ìrọ̀rí. Mo ti bá iwin jẹ iṣu nínú abọ́ kan náà, èmi ni mo sì jẹ èyí tí ó pọ̀ jù. Bí mo bá ń purọ́, ìyàwó mi nìyẹn lẹ́yìn ẹ́ńjìnì, yóò já mi.

"N óò kúkú já yín," ni Àwẹ̀ró wí. Kò tilẹ̀ gbójú sókè kúrò lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Láti ìgbà tí ó ti wà ní ọmọge ni iṣẹ́ ríwáyà ti wà lọ́wọ́ Àwẹ̀ró, bàbá rẹ̀ ni ó kọ́ ọ. Bí iná ọkọ̀ bá kọ̀ tí kò tàn, bí ọkọ̀ bá yadi lójú ọ̀nà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń wọ́ ọ wá láti gbogbo agbègbè Ìdí-Ìṣin yìí. Òun fúnra rẹ̀ ní pikọ́ọ̀pù kan tí ó ti gbó tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ àwọ̀ tí ó ní nígbà èwe. Mo fẹ́ràn Àwẹ̀ró, ó fẹ́ràn mi, ilé wa tòrò. Ohun kan ṣoṣo ni a kò ní: a kò bímọ. A wá a títí, a sunkún rẹ̀ títí, nígbà tí ó sì yá, a gbé ọ̀rọ̀ náà sí igun ilé bí ènìyàn ti ń gbé abọ́ òfìfo sílẹ̀. A mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n a kì í wo ibẹ̀.

Ní ọdún kan, nígbà ọyẹ́, lẹ́yìn tí iná ti jó pápá, mo wọ igbó lọ, mo sì rí ọmọbìnrin kékeré kan tí ó jókòó láàrin eérú. Eérú náà kò ta sí i lára. Irun orí rẹ̀ ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ kán sí. Mo mọ̀ lójú kan náà pé iwin ni. Ọdẹ tí kò bá dá iwin mọ̀, kí ó lọ máa dọdẹ adìẹ. Mo gbé ìbọn sókè.

"Bàbá," ni ó wí, "iná lé mi. N kò rí ìyá mi mọ́."

Ẹ̀yin ará, ìbọn tí n kò sọ kalẹ̀ níwájú ẹfọ̀n, mo sọ ọ́ kalẹ̀. Mo fi ìbọn kọ́ èjìká òsì, mo gbé ọmọ lé èjìká ọ̀tún, mo sì gbé e wálé.

Àwẹ̀ró kò bi mí pé níbo ni mo ti rí i. Ó bu omi, ó wẹ̀ ẹ́, ó fún un ní oyin lá, nítorí oyin àti ìrì òwúrọ̀ nìkan ni ọmọ náà ń fẹnu kàn. Báyìí ni ó ṣe di ará ilé. Orí pikọ́ọ̀pù ni ó máa ń gùn tí yóò máa kọrin, Àwẹ̀ró yóò sì máa gbe orin náà lábẹ́ ọkọ̀ tí ó ń tún ṣe. Bí mo bá ti oko ọdẹ dé, ohùn méjì ni mo ń gbọ́ kí n tó rí ilé. Mo ti gbọ́ ohùn kìnnìún, mo ti gbọ́ ohùn àrá, ṣùgbọ́n ohùn méjì yẹn ni ó máa ń mú kí n yára rìn.

Nígbà tí ọyẹ́ ń lọ, ara ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́lẹ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó na ọwọ́ sókè láti mú labalábá, mo sì rí igi máńgòrò tí ó wà lẹ́yìn ọwọ́ náà láti inú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ewé àti ẹ̀ka. Àwẹ̀ró náà rí i. Ó pè é, ó gbé e lé ẹsẹ̀.

"Ìyá," ni ọmọ náà wí, "bí òjò àkọ́rọ̀ bá bá mi nílẹ̀ yìí, n óò yọ́ mọ́ ọn ni. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mo gbọ́dọ̀ wà kí ó tó rọ̀."

"Níbo ni ilé yín wà?"

"Ìlú Arọ́jò, lẹ́yìn Igbó Aláìlọ́nà."

Àwẹ̀ró wo ìlà oòrùn. Ìkùukùu kékeré kan ti wà níbẹ̀, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Kò sunkún. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò, ó gbé oyin, ó sì ní, "Ọkọ mi, ẹ mú ìbọn yín."

Àwa mẹ́ta wọ pikọ́ọ̀pù, a kò tíì jìnnà tí a fi dé Igbó Aláìlọ́nà. Ẹ má rò pé orúkọ lásán ni. Igi mọ́ igi, àjàrà mọ́ àjàrà, kò sí ibi tí eku lè gbà kọjá. Níwájú rẹ̀ ni iwin kan jókòó sí, Akánà ni orúkọ rẹ̀, orí rẹ̀ pá bí igbá, ó sì ká ọ̀nà igbó náà bí ẹni ká ẹní, ó fi há abíyá. Mo kọ ìjálá fún un, ó yán. Mo pe oríkì ara mi láti ọ̀dọ̀ bàbá títí dé ọ̀dọ̀ ìyá, ó họ etí. Ni mo bá sọ ìbọn kalẹ̀, a gbá ara wa mú. Ẹ̀yin ará, ìjà náà le! Mo gbé e, ilẹ̀ mì. Mo tún gbé e, ẹyẹ ṣubú lórí igi.

"Òun ló gbé yín," ni Àwẹ̀ró wí lẹ́yìn ẹ́ńjìnì.

Ó dáa, òun ló gbé mi. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ mì, àbí kò mì? Mo wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọmọ náà sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, tí ó lọ di ìka Akánà mú. "Bàbá àgbà," ni ó wí, "ó rẹ̀ mí. Ilé ni mò ń lọ." Akánà wò ó, ó rí koríko láti inú ara rẹ̀. Omijé tí ó tóbi bí ìgbá kán sílẹ̀ lójú iwin náà. Ó bá tú ọ̀nà rẹ̀ sílẹ̀, ó tẹ́ ẹ gbọọrọ gba àárín igbó, ó tilẹ̀ fi ọwọ́ pa á kí ó lè tẹ́jú.

"Ẹ rọra wakọ̀ lórí rẹ̀," ni ó wí. "Òun nìkan ni mo ní."

Ọ̀nà náà gba àárín ìlú kan tí à ń pè ní Ìlú Abéèrè kọjá. Àwọn ará ibẹ̀ kì í sọ ọ̀rọ̀ kan ju ìbéèrè lọ, láti ìgbà tí a bá ti bí wọn títí di ọjọ́ ikú. Àárín ìlú náà gan-an ni ọkọ̀ wa ti wúkọ́, ó tún wúkọ́, ó sì dákẹ́. Àwẹ̀ró yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnì yí, ó yí, ó yí, kò gbiná.

Ká tó ṣẹ́jú, gbogbo ìlú ti yí wa ká. Olórí wọn ni ìyá arúgbó kan tí ọrùn rẹ̀ tẹ̀ bí ẹ̀yìn dòjé, Ìyá Kílódé ni wọ́n ń pè é. Ó wò wá láti òkè dé ilẹ̀.

"Ṣé ẹ kò mọ̀," ni ó wí, "pé ẹni tí ó bá fi ohun tí kò rí dáhùn ní ìlú yìí, ilẹ̀ ni yóò gbé e mì? Kí ló ṣe ọkọ̀ yín?"

Ṣé èmi Ọdẹ́jọbí ni wọn yóò bi ní ìbéèrè kí n má dáhùn? Mo bọ́ sílẹ̀, mo lọ dúró ní ẹ̀gbẹ́ táǹkì, mo ní, "Epo ló tán!" Ilẹ̀ gbé ẹsẹ̀ mi mì dé ọrùn ẹsẹ̀. Mo ní, "Rárá o, bátìrì ló kú!" Ilẹ̀ gbé mi mì dé orúnkún.

"Orúnkún kọ́. Itan ni," ni Àwẹ̀ró wí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ̀tàn mi. Ìyá Kílódé bá yíjú sí Àwẹ̀ró. "Ìwọ ńkọ́? Kí ló ṣe ọkọ̀ yín?"

"N kò tíì mọ̀," ni Àwẹ̀ró wí. Ilẹ̀ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ le bí àpáta.

Ó wá sọ́dọ̀ mi, ó fi ọwọ́ nu eruku lójú mi. "Ọkọ mi, ẹ fara balẹ̀," ni ó wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Bátìrì kò kú, nítorí ẹ́ńjìnì ń yí. Èmi fúnra mi ni mo rọ epo sí i, mo sì ti fi igi wò ó nísinsìnyí, epo wà. Pọ́ǹpù kan wà nínú táǹkì yìí tí ń ti epo lọ síwájú. Bí a bá yí kọ́kọ́rọ́, ó yẹ kí ó kùn díẹ̀ bí oyin. Ibi tí ẹ rì sí yìí, etí yín ṣe déédéé rẹ̀. Ẹ bá mi gbọ́ ọ."

Ó ké sí ọmọ inú ọkọ̀. "Ọmọ mi, ṣé agbára rẹ yóò ká a láti yí kọ́kọ́rọ́?"

Ọmọ náà dìde. Mo ń rí ìjókòó ọkọ̀ láti inú àyà rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di kọ́kọ́rọ́ mú, ó yí i. Mo fi etí lé táǹkì. Ó dákẹ́ rọ́rọ́.

"N kò gbọ́ nǹkan kan," ni mo wí. Ohun tí etí mi gbọ́ gan-an nìyẹn, ilẹ̀ sì tú mi sílẹ̀ díẹ̀.

"Ṣé pọ́ǹpù ló kú nígbà náà?" ni àwọn Abéèrè ń bi ara wọn. "Ṣé kò kú ni? Ta ní pa á?"

"N kò tíì mọ̀," ni Àwẹ̀ró tún wí. "Ẹni tí a pè tí kò jẹ́, ó lè jẹ́ pé ó ti kú. Ó sì lè jẹ́ pé ìpè kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀."

Ó mú gílóòbù kékeré kan jáde nínú àpò, wáyà méjì ni ó wà ní ìdí rẹ̀. Bí ó bá fi wáyà kan kan irin ara ọkọ̀, tí ó fi èkejì kan ibi tí iná wà, gílóòbù yóò tàn. Ó ṣí àpótí fíùsì. Ó fi gílóòbù wo ẹsẹ̀ kìn-ín-ní fíùsì tí ó jẹ́ ti pọ́ǹpù, ó tàn. Ó wo ẹsẹ̀ kejì, ó tàn, fíùsì kò já. Ó lọ sí ìdí rélè, àpótí dúdú kékeré tí ń ṣí ọ̀nà fún iná, ó gbé ìka lé e, ó ní kí ọmọ tún yí kọ́kọ́rọ́. Rélè náà ró "ká" lábẹ́ ìka rẹ̀. Ó fi gílóòbù wo ibi tí iná ń gbà jáde nínú rélè, ó tàn. Ó wá dé ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ́dọ̀ mi, ó yọ wáyà tí ó wọ pọ́ǹpù, ọmọ yí kọ́kọ́rọ́, ó fi gílóòbù wò ó.

Òkùnkùn. Kò tàn rárá.

Ìkùukùu ìlà oòrùn ti dé orí wa. Atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé òórùn òjò wá. Ó wù mí kí n kígbe pé kí ó yára, ṣùgbọ́n etí mi ni mo tún fi lé táǹkì. Ó fa wáyà gígùn kan láti orí bátìrì, ó fi kan pọ́ǹpù tààrà. Mo gbọ́ ọ lábẹ́ etí mi: hùùùù, bí oyin tí ó padà sí ihò rẹ̀.

"Ó ń kùn!" ni mo pariwo. "Pọ́ǹpù wà láàyè!" Ilẹ̀ tì mí jáde pátápátá bí ìgbà tí ènìyàn bá tu èkùrọ́ sílẹ̀.

"Ó wà láàyè," ni Àwẹ̀ró wí. "Iná ń jáde níwájú, kò dé ẹ̀yìn. Ibì kan wà láàrin méjèèjì tí wáyà ti já."

Ó ti kúnlẹ̀ láti wọ abẹ́ ọkọ̀ nígbà tí Ìyá Kílódé fi ọ̀pá dá a dúró. Ohùn arúgbó náà kò le.

"Obìnrin," ni ó wí, "ṣé o kò mọ̀ pé òjò kì í rọ̀ ní ìlú wa? Ṣé o kò mọ̀ pé ọmọ yìí kò ní í yọ́ níbí, pé ó lè máa jẹ́ tìrẹ títí tí irun rẹ yóò fi funfun? Ta ni yóò bi ọ́ léèrè? Ṣé lóòótọ́ ni o fẹ́ kí ọkọ̀ yìí gbéra?"

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó wọ̀nyí, mo ti dúró níwájú ikú, mo ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rù bà mí. Mo mọ ohun tí ó wà nínú igun ilé wa. Mo mọ̀ pé bí Àwẹ̀ró bá ní kí a dúró, n óò dúró, n óò kọ́ ilé sí ìlú Abéèrè, n óò sì máa béèrè ọ̀rọ̀ títí n óò fi kú.

Àwẹ̀ró wo ọmọ náà. Ọmọ náà ti sùn lọ lórí ìjókòó, ó ń gbe orin kan lójú oorun, orin tí a kò kọ́ ọ nílé wa.

"Ìyá rẹ̀ ńkọ́?" ni Àwẹ̀ró béèrè.

Nínú gbogbo ìlú tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ìbéèrè, kò sí ẹni tí ó lè fi òmíràn lé èyí.

Àwẹ̀ró wá dáhùn. "Ẹ bi mí bóyá mo fẹ́ kí ó gbéra. N kò fẹ́. Bí ó bá ṣe ti ọkàn mi ni, kí ọkọ̀ yìí máa sùn síbí títí láé. Ṣùgbọ́n n óò tún un ṣe."

Mo wo abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ilẹ̀ kò mì, kò yẹ̀. Ìyá Kílódé gbé ọ̀pá rẹ̀ kúrò, ó sì bì sẹ́yìn.

Àwẹ̀ró yí kọ́kọ́rọ́ kí iná lè máa lọ, mo bá a wọ abẹ́ ọkọ̀. Ó fi abẹ́rẹ́ gún wáyà náà níwájú, ó fi gílóòbù kàn án, ó tàn. Ó rìn sẹ́yìn díẹ̀, ó gún un, ó tàn. Ó tún sún, ó gún un, kò tàn. Ó padà sí àárín méjèèjì, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́, ibi tí wáyà ti gba orí etí irin kan kọjá, ó sì rọ̀ níbẹ̀ bí ìfun adìẹ. Rọ́bà ara rẹ̀ pé, ó ń dán, kò sí ojú ọgbẹ́ kankan. Ó fi ọ̀bẹ là á. Inú rẹ̀ ti já, bàbà rẹ̀ ti di eruku aláwọ̀ ewé.

"Ẹ wò ó," ni ó wí. "Ẹni tí ó bá wo ara rẹ̀ kò lè mọ̀."

Mo wò ó, ṣùgbọ́n kì í ṣe wáyà ni mò ń wò. Mo di ọwọ́ rẹ̀ tí epo ti sọ di dúdú mú.

Ó gé ibi tí ó ti bàjẹ́ kúrò, ṣùgbọ́n èyí tí ó kù kò kan ara wọn mọ́. Ó bá lọ tú wáyà fèrè ọkọ̀, ó fi ṣe àsopọ̀, ó lọ́ wọn mọ́ra, ó fi téèpù dúdú wé e, ó sì dì í sókè kí irin má tún rẹ́ ẹ. Ó jókòó sí ìdí ọkọ̀. Kí ó tó yí kọ́kọ́rọ́, ó gbé orí ọmọ náà lé itan. Pọ́ǹpù kùn, ẹ́ńjìnì gbiná.

"Ṣé ẹ ó dé ibẹ̀ láyọ̀?" ni àwọn Abéèrè ń ké tẹ̀ lé wa. Àdúrà wọn nìyẹn.

Bí a ti jáde ní ìlú náà ni òjò ń sáré bọ̀ lẹ́yìn wa, a ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ewé. Àwẹ̀ró tẹ ọkọ̀, gbogbo ara ọkọ̀ náà ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀. A rí odi Ìlú Arọ́jò tí ó ń kọ mànà níwájú. Obìnrin kan dúró lẹ́nu ibodè, koríko ti hù yí i ká dé ìbàdí, nítorí láti ìgbà tí iná ti jó pápá ni kò ti kúrò níbẹ̀. Ọmọ náà lajú. Ó bẹ́ sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó dúró. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀ ìlú rẹ̀, ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ sì bà á lórí. Dípò kí ó yọ́, ó ń kún bí ìkòkò tí à ń pọnmi sí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, apá rẹ̀ kún, títí tí n kò fi rí nǹkan kan láti inú rẹ̀ mọ́ àfi òun fúnra rẹ̀. Ìyá rẹ̀ fa koríko tu, ó gbá a mọ́ra. Ẹkún ayọ̀ tí ó sun, n kò ní lè sọ ọ́ fún yín. Àwa náà sun tiwa.

Nígbà tí ó fara balẹ̀, obìnrin náà kúnlẹ̀ níwájú Àwẹ̀ró. Àwẹ̀ró sáré gbé e dìde.

"Kí ni ẹ ń pè é lọ́dọ̀ yín?" ni ìyá ọmọ náà béèrè.

"Ọmọ ni à ń pè é," ni Àwẹ̀ró wí. "Ọmọ yín ni. A kò lè sọ ọ́ lórúkọ."

"Ní ìlú wa, ẹni tí ó bí ọmọ ń sọ ọ́ ní orúkọ kan, ẹni tí ó bá gbé e wálé nígbà tí ó sọnù ń sọ ọ́ ní òmíràn. Méjèèjì ni yóò máa jẹ́ títí ayé. Ẹ sọ ọmọ yín lórúkọ."

Mo rò pé ọ̀rọ̀ yóò wọ́n lẹ́nu Àwẹ̀ró. Kò ronú rárá. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbá ojú ọmọ náà mú, ó ní, "Morẹ́nikẹ́."

"Ìyá," ni ọmọ náà jẹ́.

Ẹ̀yin ará, orí ẹní kan náà ni èmi àti obìnrin yìí ti ń sùn láti ìgbà èwe. N kò mọ̀ pé ó ní orúkọ kan ní ìpamọ́. Nígbà tí a ti jáde ní igbó, tí ó ń wakọ̀ lọ́nà ilé, mo gbé ọwọ́ lé e léjìká, ni ó bá ní, "Láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa ni mo ti mú orúkọ náà dání. Mo rò pé yóò bàjẹ́ sí mi lọ́wọ́ ni."

Ibi tí ìrìn-àjò wa dé nìyí. Ẹni tí ó bá rò pé mo fi iyọ̀ sí i, kí ó lọ rin tirẹ̀, kí ó wá sọ ọ́ fún wa bí ó ṣe rí. Kí ló dé? Ta ní ń na ọwọ́ lẹ́yìn? Sọ ọ́ sókè. Ó ní ṣé a kò wá bímọ títí di òní?

"A bí ọ̀kan," ni Àwẹ̀ró wí, ó sì gbójú sókè lẹ́yìn ẹ́ńjìnì. "Morẹ́nikẹ́ ni. Ilé rẹ̀ ló jìnnà."